Ọmọ Adìyẹ Inú Píánò

Ọjọ́ Ìkórè ni. Ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí kò tóbi ju gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ní ìsàlẹ̀ Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, kún dé ẹnu ọ̀nà. Gèlè ń bá gèlè dù ú, ewúrẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ lù ní gbàǹjo ń ké lẹ́yìn fèrèsé, èmi náà sì ti jókòó sídìí píánò, mo wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí kọ́là rẹ̀ ń yún mi lọ́rùn. Ọ̀gá akọrin gbé ọwọ́ sókè. Mo tẹ kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó ń fọn trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì bá mi wọlé, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n bu iyọ̀ sínú ògì.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣi kíì nínú àwa méjèèjì. Dò kan náà la dì mú. Síbẹ̀ ohùn rẹ̀ àti ohùn mi ń gbọ̀n mọ́ ara wọn, wàá-wàá-wàá-wàá, bí ẹni tí ibà mú. Ó ti ọ̀pá fèrè rẹ̀ wọlé, kò tó. Ó tún tì í, ó tì í títí kò fi sí ibi tí yóò tún wọ̀ mọ́. Nígbà tí a fi máa dé ẹsẹ kejì, ó ti gbé fèrè kalẹ̀ sórí itan, ó sì ń ka iye fáànù tó wà lájà títí wọ́n fi ṣe àdúrà ìparí.

Lẹ́yìn ìsìn ó wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Píánò yín ti ń kú lọ."

Mo bínú. Mo ra píánò yẹn ní tòkunbọ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ẹrù òkè òkun ní Ring Road. Píánò oníná ni, kíì 88, funfun 52, dúdú 36, bí píánò ńlá onígi ṣe ní in gẹ́lẹ́. Kò ní ojú tí ń kọ nǹkan síta bíi ti fóònù. Bọ́tìnnì díẹ̀ ló wà lókè, ihò méjì fún pẹ́dà wà lẹ́yìn, ó parí. Ìwé tó yẹ kó bá a wá ti kù sọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, níbikíbi tí onítọ̀hún wà lónìí. Láti Ajé dé Àbámẹ́ta, inú yàrá mi ló ń gbé. Tó bá di òwúrọ̀ Àìkú, a ó fi ìró àtijọ́ ìyá mi wé e, a ó dè é mọ́ orí Máíkírà, awakọ̀ á sì máa rọra wa ọkọ̀ bí ẹni tó gbé òkú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ó ń kú lọ, ara èmi gan-an ni wọ́n sọ ọ́ lù.

Gbogbo ìjọ ló mọ ohun tó ṣe é. Bàbá ìjọ kan ní iná ni, pé iná tí wọ́n ń fún wa lọ́sẹ̀ yẹn kò lágbára. Mi ò bá wọn jiyàn, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì rántí pé tí bátìrì bá ti ń rẹ̀, mọ́tò inú rẹ̀ á máa yí jẹ́jẹ́, ohùn olórin á sì máa wálẹ̀ títí yóò fi máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mu ọtí yó. Ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò nínú píánò oníná. Bí iná rẹ̀ kò bá tó, ó máa kú ni. Kò ní yí ohùn padà. Yàtọ̀ sí èyí, tèmi kò wálẹ̀. Ó gòkè ni.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ kan. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́rin jáde, ó fi ìka kan lu bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, ó mi orí bíi dókítà. Ó ní bọ́ọ̀dù náà ló ti ń rẹ̀, pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ni, kí n mú ìdajì wá. Mo ní kó bá mi dì í padà kí n lọ rò ó. Tí mo bá sọ pé ọgbọ́n ló kó mi yọ lọ́jọ́ náà, irọ́ ni. Owó ni kò sí.

Bàbá onílù wa ló kó mi yọ. Àwọn bàbá yìí kò tẹ kíì kan rí láyé wọn. Ìdílé Àyàn ni wọ́n, ìyáàlù dùndún ni wọ́n ń lù fún wa, ilé wọn sì wà lọ́hùn-ún lápá Bẹẹrẹ, nínú àwọn ilé onípáànù tó ti dógùn-ún tí ẹni tó bá dúró sórí òkè Màpó máa ń rí lọ salalu. Mo bá wọn níwájú ilé. Wọ́n ti to àwọn ìlù síta, wọ́n kọjú wọn sí oòrùn nítorí òjò ti fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀, awọ sì ti dẹ̀. Mo rojọ́ mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan péré.

"Ṣé gbogbo ara rẹ̀ ló gòkè, àbí ibì kan?"

Mo ní ó jọ pé gbogbo ara rẹ̀ ni, sà.

"Ìlù tó bá ń ṣàìsàn, ibì kan ni yóò ti dẹ̀. Èyí tó bá gòkè yípo, ẹnì kan ló fà á. Lọ wá ẹni tó fà á."

Mo délé, mo gba áàpù tí wọ́n fi ń wọn ohùn sórí fóònù, mo sì tẹ kíì tí wọ́n ń pè ní A, èyí tó wà lókè C àárín. Ó yẹ kó kọ 440. 447 ló kọ. Mo tẹ A tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó yẹ kó jẹ́ 220: 223.5. Mo tẹ èyí tó wà lókè, tó yẹ kó jẹ́ 880: 894. Ọ̀rọ̀ bàbá ṣẹ wẹ́kú. Kò sí kíì kan tó ṣàìsàn nínú wọn. Gbogbo wọn ló di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n jọ gun àkàbà.

Iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn, hertz ni wọ́n ń pè é. Láti A sí kíì dúdú tó tẹ̀ lé e, 440 máa ń di nǹkan bí 466. Píánò mi ti rìn ju ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀nà yẹn lọ: kò sí nílé, kò sì tíì dé ilé kejì. Wàá-wàá tí a gbọ́ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ohùn 440 bá pàdé ohùn 447, méje tó jẹ́ ìyàtọ̀ wọn ni iye ìgbà tí àpapọ̀ wọn yóò gbọ̀n létí ènìyàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń tún píánò onígi ṣe, wàá-wàá yìí ló máa ń gbọ́. Ó ń yí ìdè okùn, ó ń tẹ́tí, wàá-wàá náà ń falẹ̀, ń falẹ̀, títí yóò fi pa rẹ́.

Píánò onígi ló yẹ kó máa ṣe irú èyí fúnra rẹ̀. Okùn irin tó lé ní 200 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n nà wọ́n lé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí, pákó sì jẹ́ ohun tí ń mu omi. Nígbà òjò ó máa ń wú, okùn á le, ohùn á gòkè. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ètè gbogbo wa nílùú Ìbàdàn ń là, pákó náà á sún kì, okùn á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìlù bàbá ló tún padà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò tó ń dẹ awọ ló ń mú okùn le. Àmọ́ ti oníná yàtọ̀. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, quartz kékeré kan, irú èyí tó wà nínú aago ọwọ́, ló sì ń sọ bí yóò ṣe yára tú u síta. Òjò ò kàn án, ọyẹ́ ò kàn án. Bí ẹ bá pa á tì fún ọdún mẹ́wàá tí ẹ tún tàn án, ojú ọjọ́ kò ní ti yẹ ohùn rẹ̀.

Ta ló wá fà á?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi ṣáájú Ìkórè. Mo pe ìyá rẹ̀, mo ní kó gbé fóònù fún un.

"Ṣé o fọwọ́ kan píánò mi?"

"Rárá o, bọ̀dá mi." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ adìyẹ nìkan ni mo fọwọ́ kàn."

"Ọmọ adìyẹ wo?"

"Èyí tó wà nínú rẹ̀. Tí èèyàn bá di bọ́tìnnì yẹn mú, á máa ké. Píp. Píp. Píp."

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí, ọmọ ọdún márùn-ún ló fi ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà hàn mí. Bọ́tìnnì kan wà lápá òsì tí mo rò pé kò wúlò. Bí a bá dì í mú, kíì kì í ṣe orin mọ́. Kíì kọ̀ọ̀kan á di àṣẹ. Òmíràn ń pinnu bí ọwọ́ yóò ṣe wúwo tó kí ohùn tó le. Òmíràn wà fún pẹ́dà. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ń gbé ohùn gbogbo píánò sókè ní 0.1 hertz, èkejì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní 0.1. Bí àṣẹ bá sì ti wọlé, á ké: píp. Láti 440 dé 447, àádọ́rin píp ni. Mo rí ọmọ náà lọ́kàn mi bó ṣe dúró síbẹ̀, ọwọ́ kan lórí bọ́tìnnì, ìka kan lórí kíì, tó ń mú adìyẹ ké. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Òótọ́ ni. Mi ò gbé píánò sórí pẹpẹ.

Púpọ̀ nínú irú píánò bẹ́ẹ̀ ni yóò gbàgbé gbogbo rẹ̀ bí ẹ bá ti pa á, á sì padà sí 440 fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ní ètò kan tó ń jẹ́ kó rántí bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, ẹni tó ni ín lókè òkun sì ti ṣí ètò náà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo jókòó, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo di bọ́tìnnì mú, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. 446.9. 446.8. Mo ṣe àádọ́rin píp láìfo ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ìka mi ṣèèṣì tẹ kíì méjèèjì pọ̀ tí mo wá mọ̀ pé ìyẹn nìkan ti tó láti dá a padà sí 440 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó wá kù mí ku ìbéèrè kan tí mi ò bi ara mi rí: ta ló ní 440 ni ilé? Mo ti ń rò ó bí ẹni ń ro ìwọ̀n ooru tí omi fi ń hó, bíi pé Ọlọ́run ló fi síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ló fi síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ìjọba ló gbé A sí 435 ní ọdún 1859. Ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939 ló fẹnu kò sí 440, ISO, àjọ àgbáyé tó ń fi ìwọ̀n lélẹ̀, sì fọwọ́ sí i ní 1955. Àwọn tó ń lu orin ayé àtijọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù lónìí fẹ́ràn 415, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odindi kíì kan nísàlẹ̀ tiwa. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe tèmi kó lè sọ̀ kalẹ̀ dé 415.5, kó sì gòkè dé 465.9. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ pé àdéhùn ni, pé àwọn ẹlòmíràn lè ti ṣe àdéhùn tiwọn síbòmíràn.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá ẹ̀wẹ̀, a ò ní 440 kankan lẹ́nu. Ohùn òkè bàbá àgbà kan lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún, síbẹ̀ bí bàbá bá ní "ọkọ́", kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ "ọkọ̀". Dò, re, mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn kò ní ilé kan tí wọ́n ń gbé. Ibi tí èkejì wà ni ọ̀kan fi ń mọ ibi tí òun wà. Ohun tí ń ba orin jẹ́ lẹ́nu wa kì í ṣe hertz. Kí orin máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, jà fún ọ̀rọ̀ yìí gidi, pé kí orin ìsìn tẹ̀ lé ohùn èdè. Mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí inú ìjọ fi dùn lọ́jọ́ Ìkórè láìfura. Píánò gòkè, wọ́n bá a gòkè. Bàbá onílù náà lè ti fún ọ̀sán ìlù wọn díẹ̀ sí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò rí ọ̀nà gbà.

Láti ọjọ́ yẹn mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo àṣẹ tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì òsì yẹn wò, ọ̀rọ̀ pẹ́dà ló sì kọ́kọ́ tì mí lójú.

Pẹ́dà tó bá píánò wá kú ní ọdún kejì. Mo ra òmíràn ní Dùgbẹ̀, onírọ́bà dúdú, ó jojú ní gbèsè. Mo kì í bọ ihò, mo tan píánò, ni ayé bá yí padà. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ohùn á máa ṣàn lọ, kọ́ọ̀dù á máa gun kọ́ọ̀dù bí èrò inú dáńfó. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á gé lójijì. Òdìkejì ohun tó yẹ. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo kọ́ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ láti máa tẹ̀ nígbà tó yẹ kó gbé, kó sì máa gbé nígbà tó yẹ kó tẹ̀. Ó sì mọ́ ọn, ẹsẹ̀ mi gbọ́n ju orí mi lọ. Ìjọ kan ní Òkè Àdó ló wá pè mí láti bá wọn tẹ píánò níbi ìgbéyàwó, píánò tiwọn, pẹ́dà tiwọn, tí kò ní àléébù. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ohun tí ìyàwó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìdí rẹ̀ kéré débi pé ó ń bíni nínú. Irin méjì ló wà nínú irú pẹ́dà bẹ́ẹ̀. Ní ti ilé-iṣẹ́ kan, irin méjèèjì máa ń kan ara wọn nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà lókè. Ní ti òmíràn, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n tó kan ara wọn. Píánò kò mọ ẹsẹ̀. Kíkàn àti àìkàn nìkan ló mọ̀. Àwọn píánò kan máa ń yẹ pẹ́dà wò nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn wọ́n, bí wọ́n bá ṣe bá a ni wọ́n máa gbà pé ẹsẹ̀ wà lókè. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó ń tan irú wọn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dojú rẹ̀ dé. Àwọn pẹ́dà mìíràn sì ní súìṣì kékeré nísàlẹ̀ tí a fi lè yí i. Mo dojú tèmi dé, mo wò ó. Súìṣì náà wà níbẹ̀. Bébà tí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Ihò kejì ni mo wá fẹ́ràn jù. Píánò ńlá máa ń ní pẹ́dà mẹ́ta. Ti ọ̀tún ń jẹ́ kí gbogbo ohùn máa ró lọ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kúrò. Ti òsì ń mú ohùn rọ̀. Ti àárín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ò fọwọ́ kàn rí: kíì tí ọwọ́ wà lórí rẹ̀ nígbà tí a tẹ pẹ́dà náà nìkan ni yóò máa ró, àwọn tí a bá tẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní sí nínú rẹ̀. Ihò kejì tèmi lè ṣe ti òsì tàbí ti àárín, kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Lábẹ́ bọ́tìnnì òsì la ti ń yàn. Fún ìgbà pípẹ́, ti òsì ni mo fi sí, nítorí àdúrà. Ẹ mọ bí pásítọ̀ ṣe máa ń gbàdúrà lórí orin, tí píánò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó má sì sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà a sin bàbá kan nínú ìjọ, mo fi sí ti àárín fún ìsìn ìsìnkú. Mo tẹ dò ìsàlẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ dì í mú, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì kọ orin lókè rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ náà ń ró lábẹ́ gbogbo rẹ̀ láìkúrò. Bàbá onílù wò mí láti apá kejì. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn rẹ ìlù wọn sílẹ̀, wọ́n fún un láyè.

(Bí pẹ́dà yín bá ń sá lọ lórí táìsì, ẹ gé ìtẹ̀lẹ̀ sílípáàsì àtijọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ṣiṣẹ́.)

Ìgbà tí ọmọ náà tún fẹ́ wá fún ìsinmi Kérésìmesì ni mo rántí pé àṣẹ títì wà nínú rẹ̀. Bí a bá dì í mú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, gbogbo bọ́tìnnì á kú fin-ín-fin-ín, àfi èyí tí a fi ń tan iná àti èyí tí a fi ń gbé ohùn sókè. Kíì ń ṣiṣẹ́, pẹ́dà ń ṣiṣẹ́. Adìyẹ nìkan ni kò ní ké. Mo tì í lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, mo sùn bí ẹni tó ti géètì.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn akọrin tò sẹ́nu ọ̀nà láti wọlé. Ohùn dùùrù la máa ń fi kó wọn wọlé, ohùn ńlá tó ń kún ilé. Mo tẹ bọ́tìnnì dùùrù. Kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀. Mo tẹ gbogbo wọn láti òsì dé ọ̀tún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Mo rántí pé èmi ni mo tì í. Mo tẹ bọ́tìnnì títì, kò ṣí, nítorí títẹ̀ kọ́ ló ń fẹ́, dídìmú ni, ẹni tí àyà ń já kì í sì í di nǹkan mú pẹ́. Pípa á kí n tún tàn án kò ní ṣí i, nítorí ó ń rántí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ohùn píánò ni mo fi kó wọn wọlé, tín-ín-rín tín-ín-rín, bí ẹni ń da òjò síni lórí níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan nínú ìjọ di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, orin òní mà tuni lára o. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀."

Mi ò fẹ́ràn títì náà.  Ní ti ọmọ, mo jókòó tì í, mo fi kíì méjèèjì hàn án. Mo ní ìkan ń mú adìyẹ gun òkè, ìkan ń mú un sọ̀ kalẹ̀, tó bá ti rẹ̀ wọ́n, kó tẹ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lọ sùn. Ó ní kí n dìde kó jókòó.

Èmi náà ṣì ní ibi tí mo fẹ́ gbé ohùn yẹn lọ. Ìyá Àdúrà wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn sì ni wọ́n ń dá orin ní gbogbo àìsùn. Wọn kì í béèrè kíì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí orin bá ti sọ sí wọn lọ́kàn ni wọ́n ti ń gbé e, àwa tó kù á wá máa wá wọn kiri. Transpose tí gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ mi ń lò, tó ń gbé píánò ní odindi kíì kan lẹ́ẹ̀kan, kì í bá Ìyá, torí àárín kíì méjì ni wọ́n ń gbé. Ní àìsùn kan nínú oṣù kìíní, mo gbé fóònù sí itan, mo wọn ohùn wọn. Wọ́n wà ní agbede-méjì G àti kíì dúdú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹni fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Mo ṣírò rẹ̀ kíákíá: bí mo bá gba ìsàlẹ̀ gòkè, 453 ni, 130 píp. Bí mo bá gba G sọ̀ kalẹ̀, 427.5 ni, 125 píp. Mo mú èyí tó kéré.

Mo yí ohùn píánò sílẹ̀ pátápátá kí ìjọ má gbọ́ adìyẹ, mo di bọ́tìnnì òsì mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Orin ń lọ. Àtẹ́wọ́ wọ̀ ọ́, bàbá onílù bọ́ sí i, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Mo ti ṣe ọgọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mo gbójú wo fóònù. Ìyá ò sí níbi tí mo fi wọ́n sí mọ́. Orin ti gbóná mọ́ wọn lára, wọ́n ti ń gun òkè, díẹ̀díẹ̀, àwọn àti gbogbo ìjọ lẹ́yìn wọn. Èmi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, àwọn ń gòkè bọ̀. A ti kọjá ara wa lójú ọ̀nà láìkíra.

Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo wo nọ́ńbà náà bó ṣe ń rìn. Ó kù díẹ̀. Ó kù fín-ín. Ní ìgbà kẹrin tí wọ́n padà sí ègbè, Ìyá Àdúrà dé orí G, wọ́n sì jókòó sí i.

Mo tẹ kíì méjèèjì pọ̀. Mo yí ohùn sókè, mo wọlé. Nínú òkùnkùn lápá òsì mi, ọmọkùnrin trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì gbé fèrè rẹ̀ kúrò lórí itan.